Ife Tí Amọ̀lú Dà Nù

Bí o bá ṣe àlejò dé ìlú ńlá kan báyìí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí ebi ń pa ọ́, tí òùngbẹ ń gbẹ ọ́, tí o sì ń wá ibi tí ara rẹ yóò ti fúyẹ́ díẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọn ìbá júwe fún ọ. Wọn kì í pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Amọ̀lú ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ ní ìlú náà, kò sì sí ìkòkò ọbẹ̀ tí kò tíì ṣí wò.

Pálọ̀ ilé ìtura kan tí ó kọjú sí ibùdókọ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàtà rẹ̀ a máa dán tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ kí àlejò tó dé. Lórí tábìlì yìí ni àwọn ìwé pelebe máa ń wà, ó tò wọ́n jọ lórí ara wọn bí ìgbà tí a to búrẹ́dì. Ilé méje ni ó kọ sínú ìwé náà: ibi tí ẹja yíyan ti dùn, ibi tí ọbẹ̀ ti ń gbóná ní òwúrọ̀, ibi tí ijó wà, ibi tí ènìyàn lè jókòó sí kí ó máa wo odò nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí omi yóò dà bí wúrà tí a yọ́. Ó mọ̀wé kọ. Bí o bá kà á, itọ́ á dà lẹ́nu rẹ.

Ohun tí kò kọ síbẹ̀ ni ìdí tí ilé kan fi ṣáájú èkejì. Ẹni tí ó bá bọ́ Amọ̀lú jùlọ ní oṣù náà ni ó máa ń bọ́ sí òkè ìwé. Ẹni tí ó bá fún un ní ẹran tí kò ní egungun yóò fò kọjá ẹni tí ó fún un ní ìrù. Àwọn oníṣòwò oúnjẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Àlejò nìkan ni kò mọ̀. Amọ̀lú a sì máa fi òwe rẹ́rìn-ín sí i pé, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Rántí òwe yìí, ìwọ òǹkàwé. A ó tún padà bá a.

Ilé kẹta nínú ìwé náà ni Ilé Orí Àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé ibẹ̀. Ọkùnrin tí ó ni ín kì í bínú, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín sì ni gbogbo ayé ń pè é. Ọtí funfun rẹ̀ ni àwọn àlejò ń torí rẹ̀ gun àtẹ̀gùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Amọ̀lú gba ẹ̀yìn wọ ibẹ̀ láti wá jẹun. Ó bá Ẹlẹ́rìn-ín ní ìlóṣòó nídìí ike ńlá kan, ó ń da spírítì tí àwọn káfíńtà fi ń ro fáníìṣì sínú ọtí. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ẹlẹ́rìn-ín gbójú sókè. Kò tilẹ̀ sá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọtí ti wọ́n lọ́jà, díẹ̀ ni òun ń bù sí i, ikùn àlejò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó gbé àwo ẹran gbígbóná síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, bí ẹnu bá jẹ, ojú a máa tì. Amọ̀lú jẹ ẹran náà tán, kò sì sọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ọtí ilé náà kọjá ètè rẹ̀ mọ́. Bí ó bá mú àlejò lọ síbẹ̀, yóò bá wọn gbé ife sókè, yóò fi kan ẹnu, yóò ní áà, ọtí rèé. Bí wọ́n bá ti bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò da ife náà sínú ìkòkò òdòdó tí ó wà lẹ́bàá fèrèsé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òdòdó náà rọ láti ìdí dé orí. Ẹlẹ́rìn-ín gbin òmíràn. Òun náà kú. Nígbà tí ẹ̀kẹta kú, Ẹlẹ́rìn-ín lọ ra òdòdó oníke, ó rì í mọ́lẹ̀ síbẹ̀, èyí kò sì lè kú mọ́.

Ẹ wo bí ẹ̀rí ọkàn ti ń ṣe. Òdòdó mẹ́ta kú lójú ọkùnrin yìí láti kìlọ̀ fún un, kò gbọ́.

Ní ẹ̀yìn ilé ìtura náà, ọkùnrin kan wà tí ó ń fọ gbogbo aṣọ ibùsùn ibẹ̀. Alágbàfọ̀ ni a ó máa pè é. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó nítorí omi ọṣẹ, ó sì fẹ́ràn Jésù bí ẹni fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó gbà á lọ́wọ́ ìyà. Òun àti Amọ̀lú jọ dàgbà ni. Àlùfáà Ọlọ́ṣẹ ni Amọ̀lú ń pè é láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, a sì máa bi í bóyá wọ́n ń fọ aṣọ ní ọ̀run, kí ó lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ṣì wà fún un lọ́hùn-ún.

Ẹni tí ó bá ń fọ aṣọ ibùsùn mọ àṣírí tí adájọ́ kò mọ̀. Ní ọjọ́ kan, Alágbàfọ̀ wọlé wá bá Amọ̀lú pẹ̀lú apá rẹ̀ tí ó ṣì ń kán omi. Ó ní aṣọ yàrá mẹ́ta ni èébì ti bà jẹ́ láàárín oṣù kan, èébì tí kò rùn bí ọtí lásán, àti pé ní yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé pelebe yẹn wà lórí àpótí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

“Ọ̀rẹ́ mi,” ó ní, “ibo lò ń rán àwọn èèyàn yìí lọ?”

“Ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá gbé wọn dé. Ṣé èmi ni mo fa ọtí sí wọn lẹ́nu?”

“Ìwọ lo júwe ọ̀nà.”

Amọ̀lú ní kí ó padà sídìí omi ọṣẹ rẹ̀. Alágbàfọ̀ kò tètè lọ. Ó sọ fún un pé ọ̀nà kan wà tí ó máa ń dán lójú ẹni tí ń rìn ín, ikú ni ó sì wà ní ìparí rẹ̀, kí ó yà kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó gba ọ̀dọ̀ ẹni tirẹ̀ kọjá. Amọ̀lú pòṣé. Ó ní kò sí ẹni tòun tí ó jẹ́ àlejò.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àbúrò rẹ̀ kọ̀wé pé òun ń bọ̀.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Amọ̀lú ni ó pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá wọn ń ṣàìsàn, orí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka iye. Aago ni àbúrò yìí ń tún ṣe ní ìlú kékeré tí wọ́n ti wá. Yóò fi awò kékeré kan há ojú ọ̀tún, yóò tẹ̀ ba lé aago obìnrin tí kò tóbi ju èékánná lọ, yóò sì rí eruku tí ẹlòmíràn kò lè rí nínú rẹ̀. Ojú ni oúnjẹ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún oṣù kẹjọ, oyún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ó fẹ́ wá ra sípíríǹgì aago àti aṣọ ọmọ, kí ó sì rí ìlú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di ènìyàn ńlá.

Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni ó dé, pẹ̀lú àpò kan àti ẹ̀rín tí kò tíì yí padà láti kékeré. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ ilé ìtura lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní òun kò fẹ́ jẹun níbì kankan àfi kí ẹ̀gbọ́n òun mú òun lọ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àlejò mẹ́tàlá kan, oníṣòwò tí ọwọ́ wọn dẹ̀, ti ń dúró de Amọ̀lú lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo àwọn mẹ́tàlá. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú ìwé kan nínú èyí tí ó máa ń fún gbogbo àjèjì.

“Gba èyí ná, ọ̀la a ó jọ rìn. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìwé yìí kì í ṣìnà.”

Bí ó ti ń nà án sí i, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ilé kẹta. Pẹ́ńsù wà létí rẹ̀. Ó yẹ kí ó fa ilà kan, ilà kan péré. Ṣùgbọ́n bí ó bá fa ilà náà, àbúrò rẹ̀ yóò béèrè ìdí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò sì fi kọ ọ́ pé òun mọ̀. Ó rò ó pé ọmọ náà kì í ṣe ọ̀mùtí. Àwọn mẹ́tàlá sì ń pè é. Ó jọ̀wọ́ ìwé náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, àbúrò rẹ̀ ni ó sọ ọ́. Ó jẹ ẹja ní ilé kìíní, ó wo odò ní ilé kejì. Nígbà tí ó dé Ilé Orí Àtẹ̀gùn, omi ni ó béèrè. Ṣùgbọ́n ó fi ìgbéraga rere sọ pé ọmọ ìyá Amọ̀lú ni òun. Ẹlẹ́rìn-ín bá pariwo ayọ̀, ó rọ ọtí funfun kún ife, ó ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí, ife tí òun gan-an máa ń mu. Àbúrò kò fẹ́ kó ìtìjú bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mu ún. Wọ́n tún rọ òmíràn. Ó mu ìyẹn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó tí kò lè kú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nínú yàrá tí wọ́n jọ sùn, Amọ̀lú ń wọ bàtà rẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ jí. Ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní orí ń fọ́ òun. Ó dìde jókòó, ó ń fọwọ́ wá ògiri.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ni?”

Fèrèsé ti wà ní ṣíṣí. Oòrùn ti bo gbogbo ibùsùn, ó sì wà lójú ọmọ náà gan-an, ọmọ náà sì ń wò ó láìṣẹ́jú.

Bàtà ẹsẹ̀ kan ni Amọ̀lú fi gbé e dé ọsibítù. Dókítà obìnrin kan gbé iná kékeré síwájú ojú náà, ó gbé e lọ, ó gbé e bọ̀. Ó yíjú sí Amọ̀lú. Ó ní oògùn wà, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ mọ ohun tí aláìsàn mu kí òun tó lè fún un, àti pé gbogbo wákàtí tí ó bá kọjá ń mú díẹ̀ lọ nínú ojú náà. Ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà yẹn, ó kàn ń kérora. Dókítà bi Amọ̀lú léèrè pé kí ni ó mu, níbo?

Òǹkàwé, o lè rò pé ìwọ ìbá sọ ọ́ kíá. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà ìbá rò ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ṣùgbọ́n irọ́ tí ènìyàn ti bọ́ fún ìgbà pípẹ́ kì í béèrè ààyè kí ó tó dáhùn. Amọ̀lú rí ọlọ́pàá lọ́kàn, ó rí orúkọ rẹ̀, ó rí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé.

“N kò mọ̀, dókítà,” ni ó wí. “Àlejò ni.”

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Aago ara ògiri ń lù. Wákàtí kan kọjá. Wákàtí kejì tẹ̀lé e.

Alágbàfọ̀ ni ó gba ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà wọlé, tí kò dúró nu ọwọ́. Ìwé pelebe wà lọ́wọ́ rẹ̀, etí ìwé náà ti rin. Ó ní wọ́n pe òun kí òun wá ká aṣọ ibùsùn ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tàlá àná, ní yàrá kẹfà. Ẹni náà àti ẹnì kejì rẹ̀ ti lọ gun àtẹ̀gùn lẹ́yìn tí Amọ̀lú fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ti ń gbé ẹnì kejì bọ̀ ní ọsibítù. Ẹni yàrá kẹfà kò jí mọ́.

“Mo ti fọ aṣọ fún ọdún mẹ́tàlélógún,” ó ní. “Òní ni mo kọ́kọ́ ká a lára òkú. Ọ̀rẹ́ mi, kí ló wà nínú ọtí yẹn?”

Ìgbà náà ni Amọ̀lú dìde. Ó sáré tọ dókítà lọ, ó sọ gbogbo rẹ̀: ike, spírítì káfíńtà, oṣù mẹ́rin tí òun ti mọ̀. Dókítà kò bá a wí. Ó kàn wo aago, ojú tí ó sì fi wò ó ni Amọ̀lú yóò máa rí títí ilẹ̀ yóò fi gba ara rẹ̀.

Oògùn náà gba ẹ̀mí àbúrò rẹ̀ là. Kò gba ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ahọ́n ọmọ náà ti tú, Amọ̀lú kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó jẹ́wọ́. Ó sọ ti ìkòkò òdòdó. Ó sọ ti pẹ́ńsù tí ó wà létí rẹ̀. Ó sọ ti wákàtí méjì orí bẹ́ǹṣì, èyí tí ó le jù láti sọ.

Àbúrò rẹ̀ gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bí àjèjì bá gbé omi fún mi, mo máa ń wò ó kí n tó mu ún. Tiyín ni n kò wò, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó yí ojú sí ògiri. 

Amọ̀lú jáde sí ẹ̀yìn ọsibítù. Wọ́n ti sá aṣọ ibùsùn aláìsàn sórí okùn gígùn níbẹ̀, funfun lẹ́yìn funfun, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi púpọ̀ fẹ́ ṣí kúrò ní èbúté, tí kò sì sí ọ̀kan tí yóò gbé Amọ̀lú. Ó ṣubú sílẹ̀ láàárín wọn. Ibẹ̀ ni Alágbàfọ̀ ti bá a.

Amọ̀lú sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó fi òun sílẹ̀, pé kò sí ọṣẹ tí ó lè bọ́ irú èyí.

“Òótọ́ ni,” ni Alágbàfọ̀ wí. “Èmi ni mo mọ àbàwọ́n tí ọṣẹ kò mú.” Ó jókòó tì í nínú iyẹ̀pẹ̀. “Gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ìwọ gbé ife sókè, o mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, o dà á nù, ọmọ ìyá rẹ sì mu ún. Ẹnì kan wà tí wọ́n gbé ife síwájú rẹ̀. Ìdájọ́ gbogbo wa ló wà nínú ife náà. Ó mọ̀ ọ́n. Òógùn bò ó bó ṣe ń wò ó. Ó lè dà á nù, àwa la ó sì mu ún. Kò dà á nù, Amọ̀lú. Jésù mu ún kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kó má bàa kan ìwọ.”

Ọkùnrin tí ó mọ gbogbo ilẹ̀kùn ìlú kò tíì mọ ilẹ̀kùn yìí rí. Ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ó ní, “Jésù, èmi ni mo pa ọkùnrin yẹn, èmi ni mo fọ́ ojú àbúrò mi. Ṣàánú mi.” Kò mọ àdúrà mìíràn. Ìyẹn náà sì tó. Nígbà tí ó dìde, ìbànújẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n mú Ẹlẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀rín sì tán lẹ́nu rẹ̀. Amọ̀lú kò bẹ adájọ́. Oṣù mọ́kànlá ni ó fi ṣẹ̀wọ̀n.

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ìdáríjì Ọlọ́run a máa dá ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ ti jẹ padà bí ẹni pé kò jẹ ẹ́. Òkú yàrá kẹfà kò padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Awò kékeré tí àbúrò rẹ̀ fi ń tún aago ṣe wà nínú àpótí títí di òní.

Ọjọ́ tí Amọ̀lú jáde, ìlú kékeré náà ni ó gbà lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ rí i, ó wọlé láìkí i. Àbúrò rẹ̀ wà lórí àpótí, ọmọbìnrin kan tí ó ti ń rá wà ní itan rẹ̀. Ó gbé orí sókè. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ ẹni tí ó pọ̀n ọ́n.

“Ẹ máa bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

Amọ̀lú kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà fọwọ́ wá orí rẹ̀ títí ó fi bà á, ó sì gbé ọwọ́ lé e. Lẹ́yìn náà ó gbé ọmọ náà sí i lápá.

“Gbogbo wọn ní ó jọ mí,” ni ó wí. “Wọ́n ń fẹ́ kí inú mi dùn ni. Ẹ wò ó fún mi. Ẹ sọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ẹ má parọ́.”

Amọ̀lú wo ọmọ náà pẹ́. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, láti orí irun dé orí ìka ẹsẹ̀, kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan kúrò. Ó sọ fún un pé kò jọ ọ́. Ìyá wọn ni ó jọ.

Nígbà náà ni àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìwọ tí ìwé pelebe yìí wà lọ́wọ́ rẹ, bóyá orí àpótí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni o ti rí i, bóyá àlejò ni ìwọ náà ní ìlú tí o wà, tí o ń ronú ibi tí o máa jẹ, ibi tí o máa mu, ibi tí o máa lọ ṣe fàájì. Ta ni ó júwe ọ̀nà tí ò ń rìn fún ọ? Ǹjẹ́ òun fúnra rẹ̀ ń mu ohun tí ó ń rọ fún ọ? Ayé yóò gbé ife sókè pẹ̀lú rẹ, yóò ní áà, yóò sì wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí ó bá sì jẹ́ ìwọ ni o ń júwe, fún ọmọ rẹ, fún àbúrò rẹ, fún ẹni tí kì í wo omi tí ó bá ti ọwọ́ rẹ wá, kí ni ohun tí o mọ̀, tí o kò fa ilà sí?

Òwe Amọ̀lú kì í ṣe irọ́. Àlejò lójú, kò fi ríran. Àlejò sì ni gbogbo wa nínú ayé yìí. Ṣùgbọ́n Jésù rí ọ̀nà náà dé òpin rẹ̀, ó sì rí ọ. Má sọ pé ọ̀la a ó jọ rìn. Amọ̀lú sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí ojú àbúrò rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀.

Níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó ká ìwé yìí pọ̀, jẹ́wọ́ ohun tí o mọ̀ fún Jésù. Ó ti mu ife tìrẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà.